Owó-Orí Ọkọ̀ Kì í Bá Ọkọ̀ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí àwa tọkọtìyàwó bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò. Akọ̀wé ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

  

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ díílà, inú òun sì dùn nítorí díílà náà ti sọ fún òun pé tax wà lórí ọkọ̀ náà títí di oṣù Kẹfà. Àwa méjèèjì wojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Alága ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀." Ìdí rèé tí a fi dúró níwájú yín lónìí. Ẹ̀rín wa kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o, ẹ̀rín ẹni tí ìyà náà ti jẹ rí ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa la jìn sí kòtò náà. Ẹ̀yin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni a lọ ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ díílà kan ní ìhà ìlà-oòrùn London. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnì rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, MOT rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A ná an, a ná an, díílà yọ £150 fún wa. Nígbà tí a béèrè tax, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, tax wà lórí rẹ̀ di oṣù Kẹrin." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A san owó, a gba kọ́kọ́rọ́, a wa ọkọ̀ wa lọ sílé. Nígbà tó ṣe, ìwé ọkọ̀ dé láti Swansea ní orúkọ wa. A ní ó parí.

Lẹ́yìn èyí, lẹ́tà mìíràn tún dé láti ibẹ̀. Ẹ mọ bí lẹ́tà ṣe ń ya wọ ilé ẹni ní ìlú yìí: ti báǹkì, ti gáàsì, ti ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà yẹn bọ́ sí àárín wọn, ó di ará inú dúrọ́ọ̀. Ta ló fi í síbẹ̀ nínú àwa méjèèjì? Ẹ má bi wá o, a kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀ títí dòní.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ọdún 2016, a fẹ́ gbé Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ wa lọ sí ọsibítù. Àyẹ̀wò ojú ni. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí Màmá ti ń ka ọjọ́ náà. A ṣílẹ̀kùn, a rí i pé wọ́n ti fi irin ńlá há táyà ọkọ̀ wa, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ gíláàsì. Màmá dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, ó wo irin náà títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ọkọ̀ yìí jí tí wọ́n fi dè é lẹ́sẹ̀?" A kò rí èsì fọ̀. Kí a tó rí ọkọ̀ mìíràn tó gbé wa, àkókò ti lọ. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n tún dá fún Màmá. Ojú tí kò ríran dáadáa tún fi oṣù méjì dúró dè wá nítorí ohun tí kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí a ka owó rẹ̀ fún yín. A san £100 kí wọ́n tó tú ọkọ̀ náà. A san owó ìtanràn £80 nítorí pé a jẹ́ kí ọkọ̀ wà láìní tax lórúkọ wa. £40 ni ì bá jẹ́ ká ní a ṣí lẹ́tà yẹn tí a sì sanwó láàárín ọjọ́ 33. £180 nìyẹn, ká má tíì dárúkọ owó tax fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: £150 tí a fi ẹnu dídùn gbà lọ́wọ́ díílà, a ti dá a padà, a tún fi £30 ṣe ènì.

A padà lọ bá díílà. Ó ní òun kò purọ́ fún wa, pé tax wà lórí ọkọ̀ náà lóòótọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń wà á. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wa lọ́jọ́ tí a rà á, a kò sì ní ẹlẹ́rìí. A fi ọwọ́ lérán, a padà sílé.

Òfin tó yí padà lẹ́yìn wa

Kí ló fà á tí àgbàlagbà méjì fi ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tàn wá jẹ. Láti ọdún 1921 ni ìjọba ibí ti ń fún ọlọ́kọ̀ ní bébà kékeré roboto tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí ní ọdún 1990 síwájú mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà náà, bí ẹ bá ra ọkọ̀ tí oṣù mẹ́fà ṣì kù lórí bébà rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni oṣù mẹ́fà náà. Ó wà nínú ohun tí a fi ń ná ọkọ̀. Nílé náà, bí a bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣebí a máa ń gba pátíkúlà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ni. Èrò yẹn la gbé lọ sọ́dọ̀ díílà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bébà roboto yẹn dópin. Tax sì kọ̀ láti máa bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tuntun. Láti ọjọ́ náà, bí DVLA tó wà ní Swansea bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, tax rẹ̀ kú nìyẹn. Wọ́n á ṣírò gbogbo oṣù odindi tó kù, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á. Bó bá jẹ́ pé báǹkì ló ń yọ ọ́ lóṣooṣù, wọ́n á dá a dúró. Àwọn tó pàdánù jù ni àwa tí a rò pé ayé àtijọ́ ni a ṣì wà.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ díílà. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ gbé e fún díílà, ó sọ fún DVLA, ó gba owó rẹ̀. Díílà ní tirẹ̀ kò nílò kí ó san tax lórí ọkọ̀ tó kàn tò sí àyè rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé e jáde kí ẹ dán an wò, ó ní nọ́ńbà àwọn oníṣòwò ọkọ̀ tó ń gbé kọ́ ọ, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ sórí funfun. Nítorí náà, ọkọ̀ tó wà ní àyè díílà, àfi kí ẹ gbà pé kò ní tax, bí ó ti wù kí ó dán tó. Bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà pupa yẹn wà á yíká àdúgbò, ẹ má rò pé ẹ lè wà á lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ti díílà ni, kì í ṣe tiyín.

A máa ń fi tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ni ín, kì í ṣe àga tó jókòó lé. Bí ẹ bá bọ́ sórí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bá a lọ.

Ohun kan náà ni pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò ná ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní kọ́bọ̀. Bóyá aláàbọ̀ ara tí ìjọba dárí tax jì ló ń wà á. Ìdáríjì yẹn bá ẹni náà lọ, kò dúró sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún náà, tí owó rẹ̀ jẹ́ òdo, ẹ gbọ́dọ̀ gba tax òdo náà lórúkọ yín kí ẹ tó wà á. Bẹ́ẹ̀ ni SORN, ìyẹn ìkéde pé ọkọ̀ kò sí lójú títì, kì í tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tuntun.

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́

Abèèrè kì í ṣìnà. Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹ máa tò tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ má fi ìkejì ṣe ìkíní.

Ìkíní, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà lẹ́nu díílà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí gov.uk, ojúlé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ fún yín bí tax àti MOT bá wà, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, àti bí èéfín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ tún lè rí ìtàn MOT rẹ̀, àti iye máìlì tó wà lójú rẹ̀ ní ọdọọdún. Bí ó bá fi hàn pé tax ṣì wà, ẹ má tìtorí rẹ̀ jó o. Tax ẹni tó tà á ni.

Ìkejì, inṣọ́ránsì. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ẹ wo MOT pẹ̀lú. Ní England, Wales àti Scotland, ọkọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní MOT. Ní Northern Ireland, ọdún mẹ́rin ni. Bí MOT bá ti kú, ẹ kò lè rí tax gbà, bí owó tilẹ̀ kún ọwọ́ yín.

Ìkẹta, ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní V5C. Bí ẹ bá ti sanwó, díílà yóò ya apá kan nínú rẹ̀ fún yín. V5C/2 lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ ewé ni. Nọ́ńbà oníhòóò 12 wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tax yín. Ẹ kò ní láti dúró de ìgbà tí ìwé ọkọ̀ bá dé ní orúkọ yín. Pẹ̀lú V5C/2 yìí, ẹ lè gba tax lójú ẹsẹ̀ lórí gov.uk, tàbí lórí fóònù, tàbí ní pósí-ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ tax ọkọ̀. Díílà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún DVLA pé ẹ̀yin lẹ gba ọkọ̀, yóò sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín. Ẹ wò ó lójú yín bí ó ti ń kọ ọ́, nítorí orúkọ wa máa ń le fún wọn láti kọ. Lẹ́tà kan péré tí wọ́n bá fò lè di wàhálà.

Bí díílà bá ní ìwé ọkọ̀ kò tíì dé, pé ó ń bọ̀ láti Swansea, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ sì rántí pé V5C kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Ó kàn ń sọ ẹni tí ìjọba yóò kọ̀wé sí nípa ọkọ̀ náà ni. Rìsíìtì tí ẹ gbà lọ́wọ́ díílà ni ẹ̀rí yín, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ gba tax náà níbi tábìlì díílà gan-an, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká délé ná." Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ lójú títì kò mọ̀ pé ilé lẹ ń lọ. Ọ̀pọ̀ díílà ló máa bá yín ṣe é lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kò burú, ṣùgbọ́n kí káàdì tí wọ́n fi sanwó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì fi ojú yín rí i pé ó ti gbà. Bí díílà bá sì ṣèlérí pé òun yóò san tax fún yín mọ́ owó ọkọ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwa gbà, ẹ ti gbọ́ ibi tí ó gbé wa dé.

Èló ni owó rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣàṣìṣe kejì nìyí. A máa ń wo owó ọkọ̀, a kì í béèrè iye tí yóò máa jẹ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2001, bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò. Bí ó bá ju 1,549 cc lọ, owó rẹ̀ ga. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dín.

Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2017, èéfín CO2 rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n pín in láti A dé M. Nínú ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, èyí tó wà ní A san £20, èyí tó wà ní M san £760. Ẹ gbọ́ dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn jíìpù ńlá. Àwọn ọkọ̀ tí èéfín wọn pọ̀ gan-an, àmọ́ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2006, K ni wọ́n dá wọn dúró sí, wọn kì í dé M. Nítorí náà, jíìpù méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan máa san ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́ùn ju èkejì lọ, nítorí pé oṣù kan ló fi dé ayé lẹ́yìn rẹ̀. Díílà lè ta èyí tó wọ́n tax fún yín ní owó pọ́ọ́kú, kí inú yín máa dùn. Ẹ béèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú.

Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2017, lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, iye kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń san. £195 ni nínú ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Bí owó rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun bá ju £40,000 lọ, àfikún kan wà tí púpọ̀ nínú wọn ń san fún ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì rẹ̀. £425 ni àfikún náà lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ ṣàkíyèsí pé owó tó jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tí ẹ̀yin fi rà á. Ẹ lè ra ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ní £18,000, kí ìjọba máa gba àfikún olówó lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ pé ọkọ̀ oníná kì í san tax, òtítọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó dópin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí san tiwọn.

Oṣù kan, owó ẹni méjì

Ohun kan tún wà tí díílà kì í sọ. Tax yín máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù tí ẹ gbà á, bó ti wù kí oṣù náà ti jìnnà tó. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ ní ọjọ́ 29, ẹ ó san ti odindi oṣù náà fún ọjọ́ méjì péré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á kò gba owó oṣù tó tà á padà, nítorí oṣù odindi ni wọ́n ń dá padà. Ìjọba lè gba owó oṣù kan lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo, òfin sì ni. Nítorí náà, bí oṣù bá ti ń lọ sópin tí ọ̀rọ̀ kò sì kánjú, ẹ san owó ìdúró díẹ̀ fún díílà, kí ẹ ní ẹ ó wá gbé ọkọ̀ yín ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Àwọn díílà mélòó kan máa ń gbà.

Ní ti sísan owó náà, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kan. Bí apá kò bá ká a, ẹ lè ní kí báǹkì máa yọ ọ́ lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìyẹn direct debit. Wọ́n á fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bí ẹ bá san ti oṣù mẹ́fà láìlo direct debit, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò fi lé e. Ẹni tó bá lè san án lẹ́ẹ̀kan ló jèrè. Ṣùgbọ́n direct debit ní àǹfààní yìí pé ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ọdún bá yí po, bí MOT bá ṣì wà. Àwa tí a máa ń sọ lẹ́tà sínú dúrọ́ọ̀, òun ni a ń lò báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé London, ẹ má da tax pọ̀ mọ́ ULEZ. Ọ̀tọ̀ ni ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti London. Nígbà tí wọ́n fẹ ULEZ dé gbogbo London ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, £12.50 lójúmọ́ ni ọkọ̀ tí kò bá òṣùwọ̀n mu ń san. Tax lè wà lórí ọkọ̀ yín pérépéré, kí ẹ tún jẹ gbèsè yìí. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra ọkọ̀ díísù àtijọ́.

Bí a kò bá ṣe é ńkọ́?

Bí tax kò bá sí lórí ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ní Swansea ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá. Lẹ́tà ìtanràn á wá sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọkọ̀. Ẹni tó wà á lójú títì lè dé ilé ẹjọ́, ìtanràn sì lè dé £1,000 tàbí kó jùyẹn lọ. Wọ́n lè há irin mọ́ táyà bíi tiwa. Bí ẹ kò bá tètè wá tú u, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ lọ, ẹ ó sì máa san owó ìpamọ́ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, kí ó sọ fún DVLA kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìtanràn tirẹ̀ wà fún ẹni tí kò bá sọ. Lẹ́tà tó lọ sí ilé tí ẹ ti kó kúrò kò ní dúró dè yín, àkókò rẹ̀ á máa lọ ni. Ẹ sì máa ṣí gbogbo lẹ́tà tó bá ti Swansea wá. A bẹ̀ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, tàbí kí ẹ gbé e lọ sílé

Òfin kan náà tó ká wa mọ́, òun náà ló lè ṣe wá lóore. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín fún díílà tàbí tí ẹ tà á fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún DVLA lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń kà láti fi ṣírò owó yín. Bí ẹ bá fi í falẹ̀ wọ oṣù tuntun, owó oṣù kan ti sọnù. Bí ọkọ̀ sì rú òfin lọ́wọ́ ẹni tuntun kí ẹ tó sọ, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ̀wé sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Bí ọkọ̀ bá ń kúrò ní ìlú yìí pátápátá, apá kan wà nínú V5C tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ sí DVLA pé ọkọ̀ ti ń lọ sókè òkun. Bí oṣù odindi bá ṣì kù lórí tax, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti di tòkunbọ̀ nílé tí ẹni tó ni ín kò béèrè owó tirẹ̀ níbí.

Ẹ kíyè sí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ náà o. Bí iṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù yín pé DVLA fẹ́ dá owó tax padà, kí ẹ tẹ ibì kan kí ẹ sì kọ nọ́ńbà báǹkì yín, ẹ pa á rẹ́. DVLA kì í béèrè nọ́ńbà báǹkì yín bẹ́ẹ̀. Àwọn ojúlé mìíràn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jọ ti ìjọba, tí wọ́n máa ń gba owó iṣẹ́ lé e fún ohun tí ẹ lè fúnra yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. gov.uk nìkan ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ẹ̀yin ará, a kò bá díílà jà, a kò sì bá ìjọba jà. Ìlú kì í wà kó má lófin. Àwa la kò béèrè òfin tó ti yí padà. Màmá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀ láti ìgbà náà, a dúpẹ́, ó ń ríran. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí a bá ti fẹ́ gbé Màmá jáde, òun ló máa ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Á ní, "Ẹ ti san tirẹ̀ àbí ẹ kò tíì san?" Ìbéèrè náà ni a fẹ́ kí gbogbo yín máa bi ara yín.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ nínú wa, tí gẹ̀ẹ́sì orí fọ́ọ̀mù ń dà láàmú, kó wá bá wa. A ó bá a lọ sọ́dọ̀ díílà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín yá lórí fóònù, ẹ máa bá àwọn àgbà yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Olúwa yóò fún wa ní ọkọ̀ tó dára, yóò fún wa ní owó tí a ó fi bọ́ ọ. A kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.